Wọ́n Ní Ìrẹsì Wa Ń Mí

Khuê ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwọn alùpùpù Saigon kò ní gbá ọ, àwọn baba ńlá wa kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Èmi wà dáadáa, àfi orúnkún. Ajá wa ti bímọ. Omi odò tún níyọ̀ ju ti èṣí lọ, mi ò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹja mọ́, iyọ̀ náà sì ti pa ìrẹsì tó wà lẹ́sẹ̀ sàréè ìyá rẹ ní ìpẹ̀kun oko. Bó bá fi lè kọjá ibẹ̀, àfi ká gbé ìyá rẹ kúrò, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí.

Diễm, ọmọbìnrin ọ́fíìsì àgbẹ̀, wá bá wa. Ó ní ìrẹsì tó bá ń wà nínú omi ṣáá máa ń mí èémí burúkú sókè, èémí náà ló ń mú ayé gbóná, ayé tó gbóná ló ń mú òkun wú, òun ló sì ń ti omi iyọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní ká máa jẹ́ kí omi oko fà díẹ̀ ká tó da òmíràn sí i, pé àwọn òyìnbó kan yóò sanwó èémí tí ìrẹsì wa kò bá mí. Mo ti rò ó títí. Ẹni tó ra ewúrẹ́ yóò rí ewúrẹ́ fà lọ sílé. Ẹni tó ra èémí tí a kò mí, kí ló fẹ́ kó sápò? Jọ̀ọ́, bá mi yọjú sí ìsọ̀ àwọn òyìnbó náà ní Saigon, kí o wo ohun tí wọ́n pàtẹ.

Diễm ri páìpù oníhò kan mọ́ inú oko, ó wá gbé fóònù sí ẹnu páìpù náà. Mo rò pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń pè, mo ní kó bá mi kí ìyá rẹ. Ó ní rárá o, Bàbá, àwòrán lòun ń yà, kí wọ́n lè mọ ibi tí omi fà dé. Nígbà tó lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ síbi páìpù náà, mo kí ìyá rẹ fúnra mi, torí èèyàn kì í mọ̀.

Mo ti ṣí omi oko sílẹ̀. Bảy aládùúgbò wa dúró lórí ààlà, ó ní ṣé òùngbẹ lẹ fẹ́ fi pa ìrẹsì ni, Ẹ̀gbọ́n, àbí àgbàdo lẹ fẹ́ gbìn? Ó ní oko kan ṣoṣo kò lè dá òkun padà. Mo bi í pé oko mélòó ló pe òkun wá. Ó ní òun ń lọ fún pẹ́pẹ́yẹ lóúnjẹ.

Khuê, gbogbo ọdún tí èmi àti ìyá rẹ fi ń da omi kún oko yẹn, ṣe là ń yọ̀ pé ó kún. Ṣé àwa la rán òkun níṣẹ́ wá sí ẹsẹ̀ sàréè rẹ̀ ni? Ó dùn mí gan-an. Bá mi bi àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀, má sì fi ìdáhùn pamọ́ nítorí pé mo jẹ́ baba rẹ.

Fi owó páìpù kan ránṣẹ́. Temi ti wà, ti Bảy ni. Oko rẹ̀ ló tẹ̀ lé sàréè ìyá rẹ ní apá kejì, ó sì sọ lánàá pé bí kò bá ti ní ná òun ní nǹkan kan, kí wọ́n ri í mọ́ oko òun, kí òun ṣáà lè fi hàn pé òmùgọ̀ ni mí. Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ọ́.

Ilẹ̀ tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, omi kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Thạnh