Erin Àárín Àmì Ìlú

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú ní kí n ya àmì ìdánimọ̀ fún Èjìgbò, mo sì ya orí erin sí àárín rẹ̀. Bàbá alága wò ó títí.

"Erin ti ibo? Àmì ìjọba àwọn ará Àbíjàn lo yà fún wa yìí!"

"Ẹ má bínú, bàbá."

Ojú tì mí. Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Erin yẹn ló wà lára ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé mi. Ọwọ́ mi ló kàn yà á.

Mo ti pa á rẹ́. Iṣu ni wọ́n ní kí n fi rọ́pò rẹ̀. Ó dáa, àmọ́...

Bàbá fúnra wọn, Àbíjàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kọ́ ilé tí wọ́n jókòó sí bá mi wí. Ta ló wá bọ́ wa, iṣu ni àbí erin?