Mọ́nítọ̀ Olówó Ńlá ti Ògùdù

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ara ń fu mí sí ọkùnrin tó ń ta mọ́nítọ̀ l'Ógùdù yẹn. Àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù géèmù mi ní Kétu ti ń ráhùn pé géèmù bọ́ọ̀lù ń fà lójú mọ́nítọ̀ mi, ni mo fi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ra tuntun.

Ó tan mọ́nítọ̀ méjì, ọ̀kan olówó ńlá, ìkejì olówó pọ́ọ́kú. Lóòótọ́, àwòrán èyí tó wọ́n ń yọ̀ geere, tìkejì ń fà.

"Aunty, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

Àmọ́ kí ló dé tó so kọ̀ǹpútà tuntun mọ́ èyí tó wọ́n, tó wá so ògbólógbòó mọ́ ìkejì?

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ wáyà wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sẹ́yìn tábìlì, méjèèjì kú.

"Wọ́n ti múná lọ, Aunty. Ẹ ṣáà sanwó."

Mo gbójú sókè. Fáànù òkè àjà ṣì ń yí.