Nọ́ńbà Tó Wọ́ Lára Ìbọn Yín

Bàbá mi, ọdẹ tí kì í ti oko dé lọ́wọ́ òfo,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí mo bá yín sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni ọjọ́ tí mo lẹ táìsì mọ́ sàréè yín. Táìsì náà ṣì ń dán. Kò sí sàréè tó dà bíi tiyín ní gbogbo àdúgbò wa, mo rí sí i pé kò sí.

Kí n tó sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé, ẹ gbọ́ bí ọmọ yín ṣe wà. Ìsọ̀ pákó mi ti di mẹ́ta. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Odogbolu, ilé tí pákó mi kò bá sí lórí òrùlé rẹ̀, ilé ọ̀hún kò tíì parí. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, àwọn ẹ́ńjínnìà ló ń dúró dè mí níta. Kí n ṣáà wo igi gẹdú ní ìdúró, mo ti mọ iye pákó tí yóò bọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe Bàbá Ìjọ, wọ́n tún fi mí joyè ìlú. Ṣé inú yín dùn? Ó yẹ kí inú yín dùn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ ìbọn yín ni mo bá wá.

Ọ̀nà oko kò rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ́ di ibi tí à ń sá gbà. Àwọn ọdẹ àti ọlọ́pàá wá fohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo ìbọn ilé jáde, kí wọ́n fi nọ́ńbà tó wà lára irin wé èyí tó wà nínú ìwé ìjọba. Ìbọn tí kò bá ní nọ́ńbà, wọ́n á gbà á, wọ́n á fi ayùn irin gé e sí méjì. Èmi náà gbé tiyín, mo wọ agbádá, mo ní kí wọ́n wá wo ìbọn ọkùnrin.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Olóyè, níbo ni nọ́ńbà wà?"

"Ara rẹ̀ ni. Ẹ wò ó dáadáa."

"Ara rẹ̀ ń dán bíi ṣíbí tuntun, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ yín ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Olóyè ti fá irun ìbọn!" Gbogbo wọn bá gbè é. Ọ̀gá ọlọ́pàá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ìbọn tí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́ lára rẹ̀, ìbọn olè ni òfin ń pè é, ó sì béèrè ẹni tó pa á rẹ́. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní Múfú ni. Múfú wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Odogbolu. Mo ní mo gbé e fún un pé kó nù ún, òun ló fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ.

Wọ́n bá orúkọ yín nínú ìwé àtijọ́, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá yẹn fún mi ní ìwé àṣẹ: kí n wá ẹni tí yóò fín nọ́ńbà ọ̀hún padà sára irin níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí i. Àyè kan ṣófo nísàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí èmi fúnra mi yóò ti kọ bí nọ́ńbà ṣe parẹ́. Ó ní ẹni tó bá ni ẹjọ́ yóò jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, tí í ṣe ọ̀la, ni ó pè mí.

Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ta ni n ò mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde? Mo lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fín orúkọ sára ife ẹ̀yẹ. Mo tú aṣọ lára ìbọn báyìí, ó fò sẹ́yìn. "Olóyè, ẹ dákun, ẹ gbé e jáde kí oníbàárà tó wọlé." Mo fi ìwé àṣẹ hàn án. Ó ní, "Ìwé kì í dá ọta dúró, sà." Alágbẹ̀dẹ wúrà ní irin yẹn yóò ṣẹ́ irinṣẹ́ òun. Ẹni tó fín orúkọ yín sára òkúta sàréè ní òun ń fín orúkọ òkú, òun kì í fín ti ohun tó ń sọ èèyàn di òkú. Gbogbo àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́nà, Bàbá, kò sí ẹyọ kan tó fẹ́ fọwọ́ kan ìbọn yín.

Ló bá di Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ Ògúnlànà, ọmọ alágbẹ̀dẹ ọ̀rẹ́ yín tó rọ ìbọn náà. Ó ti hewú. Ó gbé ìbọn lé itan, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ló rọ èyí. Ta ló bó o lójú?"

"Múfú ni."

Ó mú irin kékeré kan, ó gbé e ka orí owú tó fi ń rọ nǹkan. "Bàbá mi kì í fín nǹkan sára ìbọn lórí irọ́, èmi náà kì í ṣe é. Ẹ fẹnu kan irin yìí, kí ẹ tún un sọ."

"Èmi? Bàbá Ìjọ?"

"Irin ò mọ Bàbá Ìjọ, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá, ètè mi kò là. Èmi tí mo ń pariwo lé àwọn onílọ́rì lórí! Mo ní ọkọ̀ mi dí ọ̀nà, mo gbé ìbọn, mo lọ.

Kí n kúkú sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Múfú bi mí. Ó pa ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Olóyè, nọ́ńbà wà níbí o. Ṣé kí n yà á sílẹ̀?" Mo wò ó. Méjì tó tẹ̀ba, méje tó fẹ́ ṣubú, òdo tí kò pé, mẹ́rin tó dà bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ọ̀sẹ̀ ìwúyè mi ni, mo fẹ́ gbé ìbọn náà lọ́wọ́ ya fọ́tò láàárín àwọn èèyàn ńlá. Ojú tì mí. Ó wọ́ jù, bí iṣẹ́ ará oko. Mo ní, "Lọ̀ ọ́ dànù. Mo fẹ́ kó dán."

Ẹ rántí Sátidé? Ẹ̀yin, àdín nínú agolo, àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín tó ti ya. Ìkọ́kọrẹ́ àná á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú abọ́, ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e kaná. Ẹ á nu ìbọn tán, ẹ á di ìka mi mú, ẹ á fi í tọ ojú nọ́ńbà náà. Méjì. Méje. Òdo. Mẹ́rin. Ẹ kò mọ ìwé, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló kà á fún yín, ẹ sì há a sórí. N kò tíì dé iléèwé rárá nígbà náà. Lára irin yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ òǹkà. Gbogbo pákó tí mo ti wọ̀n láyé mi, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ní kí wọ́n lọ̀ dànù.

Ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ẹni tó ti lọ máa ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ojoojúmọ́ ni Múfú ń lọ fara hàn ní téṣàn báyìí. Wọ́n ti ń pè é ní Múfú Panọ́ńbà-rẹ́. Àwọn tó gbé iṣẹ́ géètì fún un ti lọ gbà á padà. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó. "Olóyè, ẹ ṣáà sọ ohun tí ọkọ mi fi ṣẹ̀ yín." Mo ní kó bá mi kí àwọn ọmọ.

Bí mo bá sọ òtítọ́, mo di ẹlẹ́jọ́ tòun ti oyè lórí, wọ́n á sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí n kò bá sọ ọ́, Múfú á wọ àhámọ́, ayùn á gé ìbọn tí ẹ ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kúrò nílé. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ nídìí okùn tí ẹ bá dẹ: ẹran tó bá ń fà á ni okùn ń fún lọ́rùn. Mo ti fà á títí, Bàbá. Ó ti wọlé sí mi lára.

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti àyè tó ṣófo yẹn. Ẹ mọ ọwọ́ ìwé mi. Ọ̀sán pọ́n kí n tó kọ ọ́ tán: Èmi ni mo ní kí Múfú lọ̀ ọ́. Mo mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múfú, mo sì kà á sókè lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́, Olóyè, ká máa lọ." Ó ti wà nínú ọkọ̀ níta níbí, níwájú, ìbọn yín sì wà lẹ́yìn nínú aṣọ. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ là ń lọ. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fẹnu mi sọ sórí irin. N kò mọ ohun tí ọ̀la yóò sọ fún mi ní téṣàn, mo sì ń bẹ̀rù.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ Ògúnlànà. Kó má fi rúlà sí i. Kí méjì tẹ̀ba, kí méje fẹ́ ṣubú, kí mẹ́rin dúró lórí ẹsẹ̀ tó dá, kí ìka mi lè mọ̀ ọ́n bí mo bá dijú.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ di ìka rẹ̀ mú ní Sátidé.