Ọwọ́ Ọmọ Mi Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀rọ

Ìsọ̀ Akọ-Pátákó,
Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 2016.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Pàṣípààrọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú Òkè-Òkun,
Yàrá Kejìlá, Ilé Ìṣàkóso,
Yunifásítì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YỌ Ọ̀RỌ̀ "ÈRÚ" KÚRÒ NÍNÚ FÁÌLÌ ỌMỌ MI, AKẸ́KỌ̀Ọ́ TÍ NỌ́ŃBÀ RẸ̀ JẸ́ MẸ́TÀDÍNLÁÀÁDỌ́TA

1. Èmi tí mo kọ lẹ́tà yìí ni bàbá akẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sókè yìí. Pátákó kíkọ ni iṣẹ́ mi, ó sì ti di ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ti gba òpópónà ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá rí, ẹ ti ka ọwọ́ mi. Èmi ni mo kọ pátákó ilé oògùn, ti oníṣègùn eyín, àti ti ilé-ìwé àwọn awakọ̀. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yín pàápàá, tó ní "Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé", iṣẹ́ mi ni. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń kọ̀wé sí yín kì í ṣe ẹni tí kò níṣẹ́, tó kàn ń wá ẹni tí yóò bá jà.

2. Ọmọbìnrin yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti ìyá rẹ̀ bí, wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá mi di ẹnu okùn mú nígbà tí mo bá ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára pátákó. Bí ìlà bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ẹkún ni yóò bú sí. Mo máa ń sọ fún un pé ojú oníbàárà kò lè rí i. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Bàbá, ojú tèmi rí i." Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ní òun ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, òun kò tíì rí èyí tó lágídí tó tòun.

3. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ìgbìmọ̀ yín kéde pé ẹ fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ lọ sí yunifásítì kan ní òkè òkun fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí ẹ béèrè ni èsì ìdánwò, lẹ́tà olùkọ́, àwòrán ilẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yà, àti fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin. Òfin kẹrin tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà sọ pé: "Ọwọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ ọ́, pẹ̀lú bírò dúdú. A kò ní gba èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀." Òfin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

4. Fọ́ọ̀mù kan péré ni ẹ ń fún ẹnì kan, àṣìṣe kò sì ní àtúnṣe. Nítorí náà, ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ mi fi dánra wò lẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé kan, ó ní kí n yọ̀ǹda tábìlì iṣẹ́ mi fún òun. Mo ha ọ̀dà tó ti gbẹ kúrò lójú rẹ̀, mo nu ún, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ló fi jókòó síbẹ̀. Ojú títì ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà mi dúnàá-dúrà, nítorí ó ní ohùn mi ń mi tábìlì. Nígbà tó parí, ó jẹ́ kí n kà á. Ní ibi tí ẹ ti béèrè ìdí tó fi fẹ́ lọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ilẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi náà. Ẹni tó ń wọnlẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò rí i." N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

5. Ó kó gbogbo ìwé náà wá fún yín nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àkókò pé. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ lu òǹtẹ̀ fún un wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ẹ lẹ èsì mọ́ pátákó ìkéde. Nọ́ńbà rẹ̀ kọ́ ni èyí tí ẹ mú. Ìyẹn kò burú. Ẹni tó bá du nǹkan mọ̀ pé òun lè má rí i gbà. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ kọ ọ́ pé "Ẹni tí a yọ nítorí èrú", nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ìwé yẹn fi wà lójú ayé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà á bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

6. Lọ́jọ́ náà, ó gba ìsọ̀ mi wá. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ti fọ wọ́n láàárọ̀. Ó fọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n, kó tó sọ fún mi pé, "Bàbá, wọ́n ní mo ṣe èrú." Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jábọ́ láti orí àkàbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

7. Lọ́jọ́ kejì, mo wá sí ọ́fíìsì yín. Mo kan ilẹ̀kùn. Akọ̀wé àgbà yín gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì gbé fáìlì jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí i lójú ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ fọ́ọ̀mù náà, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ gún régé jù, àlàfo àárín wọn kò sì yàtọ̀ síra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí: ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Inú mi ti dùn kí n tó rántí pé ó yẹ kí n bínú. Mo ní kí akọ̀wé yí ìwé náà dà, kó di ojú, kó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí bírò ti tẹ ìwé wọnú hàn lábẹ́ ìka bí ojú àpá. Ó tọ́ ọ lọ, ó tọ́ ọ bọ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ọwọ́ ènìyàn ló kọ èyí. Ojú mi rí i, ṣùgbọ́n apá mi kò ká a. Ẹ mú ọmọ náà wá."

8. Mo mú un wá ní ọjọ́ kẹta. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ yín wà níbẹ̀. Wọ́n fún ọmọ mi ní bírò àti ìwé tí kò nílà, wọ́n ní kó da òfin kẹrin kọ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́. Wọ́n gbé ìwé náà lé orí fọ́ọ̀mù, wọ́n gbé méjèèjì sójú fèrèsé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sórí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà yìí ní òun gbà pé kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi, ó ní, "Mo rí iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe nínú fáìlì yìí. Ẹni tó ń kọ pátákó ni yín. Ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ jókòó kọ fọ́ọ̀mù yìí, tí ọmọ yín kàn kọ́ bí a ṣe ń fara wé ọwọ́ yín?"

9. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yìí. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́tà ńlá ni mò ń yà, bí ayàwòrán ṣe ń ya igi àti ilé. Ìwé kẹta ni mo dé tí mo fi kúrò nílé-ìwé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó fúnra mi kọ́ ìwé kíkà. Bí mo bá di bírò mú, ohun tó ń jáde dà bí ibi tí adìẹ ti fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyá ọmọ ló máa ń kọ rìsíìtì fún àwọn oníbàárà mi. Ọmọ mi pàápàá rò pé iṣẹ́ ló ń dí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Lọ́jọ́ náà, àkísà mi ni mo kó síta. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bírò, mo sì da òfin kẹrin kọ níṣojú gbogbo wọn, pẹ̀lú òógùn lójú. Ọmọ mi rí i. Ó gbé ojú kúrò, lẹ́yìn náà ó gbé ojú padà, ó sì wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé méjèèjì síwájú wa, mo ti rò pé ojú ni yóò tì mí. Dípò bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ọmọ mi ti ré mi kọjá, àti pé ó ti pẹ́ tó ti ré mi kọjá. Bàbá mélòó ló rí irú rẹ̀ lójúkorojú, tí ìgbìmọ̀ yunifásítì sì jẹ́rìí sí i? Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Bí ó bá nira láti kà, ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí.

10. Ìyá àgbà náà dìde, ó ní òun tọrọ àforíjì lẹ́nu ara òun, ṣùgbọ́n àyè ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó tẹ̀ lé ọmọ mi nínú èsì ìdánwò, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nígbà tí a délé, ìyá ọmọ ní kí a lọ gba àyè náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ẹjọ́ ni yóò gbé wa dé. Ọmọ mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Màmá, ọmọkùnrin yẹn kò mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nítorí tèmi, ohun tí wọ́n ṣe sí mi ni èmi náà lọ ṣe sí i." Ìyá rẹ̀ bínú sí mi, ó ní èmi ni mo kọ́ ọ ní irú ìgbéraga yìí. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni, mo dúpẹ́.

11. Láti ìgbà náà, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ "èrú" ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀. Ní àná, akọ̀wé àgbà yín dé ìsọ̀ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dé etí yín rárá, pé bí mo bá kọ̀wé, òun ni yóò gbé e wọlé tọ̀ yín, òun yóò sì jẹ́rìí sí ohun tí ìka òun tọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé:

(i) kí ẹ fa igi lé ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i;

(ii) kí ẹ lẹ ìkéde mọ́ pátákó kan náà pé nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta kò ṣe èrú, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀kan;

(iii) kí ẹ fún un láàyè láti tún gba fọ́ọ̀mù ní oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀. Yóò ti wọ ọdún kẹrin nígbà náà, ìgbà ìkẹyìn tí òfin yín gbà á láyè sì nìyẹn. N kò ní kí ẹ mú un. Mo ní kí ẹ wò ó.

Mo sì fẹ́ kí ẹ ronú sí i bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ pè é kó wá wí tẹnu rẹ̀.

12. N kò mọ èsì tí ẹ ó fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ìlà yìí, ọmọ mi wà létí odò tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ omi. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó ń jù ú sínú omi, ó ń ka bó ṣe jìn tó, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì tó ka ìwé ara pátákó yẹn ló ń bá a wa ọkọ̀. Ó ní òun ti wọn ìdá kan nínú mẹ́ta odò náà, kò sì sí ẹni tó wọ̀n ọ́n rí. Ẹ kò tíì dá a láre, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ ka ọwọ́ mi dé òpin.

Èmi ni tiyín, nínú òótọ́ àti nínú ìdùnnú,

Akọ-Pátákó,
Bàbá Nọ́ńbà Mẹ́tàdínláàádọ́ta.