Mítà Méjì Láàárín Ìyá àti Ọmọ

Ìkúnayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú yóò ṣọ́ ọ láàárín àwọn aláìsàn. Jókòó kí o tó kà á síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ: mo ti lọ́kọ. Olúgbémi tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó máa ń gbé ọ sọdá lọ síléèwé nígbà tí o wà ní kékeré, òun ni. Pásítọ̀ ti so wá pọ̀ lóṣù tó kọjá, ènìyàn péréte ló wà níbẹ̀ nítorí òfin Kòrónà. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo ń kọrin nídìí ààrò títí ẹja fi jóná, ọkọ mi sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ó dùn.

Ojúkojú ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ, ni Elijah ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti Warri dé, ó ní o ò ní wálé mọ́ títí àìsàn yìí yóò fi lọ. Ó ní o kì í sùn, pé bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ ní wọ́ọ̀dù, àyà tìrẹ ló ń já. Ó ní ìbòmú kan ṣoṣo ni wọ́n fún yín, tí ẹ ń fọ̀ tí ẹ sì ń sá sóòrùn. Inú bí mi. Wọ́n tún ní ìlà iwájú ni ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wà. Ta ló tò yín síwájú? Àbíkẹ́yìn mi ni ọ́. Sọ fún ọ̀gá yín pé ìyá rẹ ní kí ó bọ́ síwájú kí ìwọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun ló dàgbà jù, òun náà ló sì sanra tó láti bo ènìyàn.

Ti Màmá Hadassah, onílé rẹ ní Ogunu ní Warri níbẹ̀, ló dùn mí jù. Ẹni tí o ń fún lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, òun ló wá ń sọ fún ọ lẹ́nu géètì pé abeg, make you no carry Corona enter en yard. Bí ẹsẹ̀ náà bá tún wú, kí ó pe géètì kó wá gún un lábẹ́rẹ́.

Elijah ní o sọ pé bí o bá tiẹ̀ máa rí mi, àfi kí mítà méjì wà láàárín wa. Ní abúlé tí iná ò dé, tí mítà kan ò sí lára ògiri ẹnikẹ́ni, níbo ni n ó ti rí méjì? Mo ti wọṣọ láti lọ bá àwọn oníná jà kí ọkọ mi tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kì í ṣe mítà iná, ìwọ̀n ni, kò ju gígùn àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ lọ. Àjẹ̀ lásán lo torí rẹ̀ jókòó sí Warri?

Ó dáa. Ojú odò la ó ti ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó yìí, ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ tirẹ̀, pásítọ̀ nínú tirẹ̀. Ọkọ mi ti kun ọkọ̀ kan fún ìwọ nìkan. N ó na àjẹ̀ mi sí ọ, ìwọ náà yóò na tìrẹ, orí wọn yóò kanra. Àjẹ̀ méjì nìyẹn, mo fi ọ̀kan kún un kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ kí o má baà pa mí. Ẹ̀rù tèmi ni pé o ń dá bẹ̀rù nínú yàrá kan ní Ogunu. Owó aṣọ ìyàwó tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ, fi ra ìbòmú. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ kò ní gbé àìsàn wálé.

Èmi ìyá rẹ, ìyàwó Olúgbémi, ni mo sọ ọ́: ìwọ, Elijah àti gbogbo ẹbí, kí ẹ ti wà lójú odò kí oòrùn tó mú, ní Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ.