Oògùn Tí Mo San Padà Bí Ààwẹ̀

Awà-Ìjẹ̀bú,
Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Hasanat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Ìbàdàn níbi tí o ti ń sin ìlú. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Bí o bá béèrè èmi, mo wà láàyè, mo sì dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ pé ìyá rẹ fẹ́ pa ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé rán Mùbàṣírù awakọ̀ sí ọ. Ẹkún kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lórí fóònù.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, o mọ̀ pé mi ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò sì wù mí í jẹ. Dókítà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó fún mi ní oògùn tí mo ń lo ẹyọ kan láràárọ̀. Ó ràn mí lọ́wọ́. Àmọ́ nígbà tí Ràmàdáánì wọlé, mo dá a dúró láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lè lò ó ní sààrì o, ṣùgbọ́n o mọ oríkunkun ìyá rẹ.

Ọjọ́ ààwẹ̀ tí èèyàn bá pa jẹ, yóò san án padà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, mo kó gbogbo èyí tí mo jẹ sílẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn pé gbèsè ti kúrò lọ́rùn mi.

Kí oòrùn tó mú, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, òógùn bò mí, àyà mi ń lù kì kì kì. Ẹ̀rù bà mí, Hasanat. Mi ò lè pe kálímà já. Lará aránṣọ, aládùúgbò wa, ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, ó sì mú páálí oògùn dání.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?” Mo ní rárá, mo ń san gbèsè ni. Kò rẹ́rìn-ín. Dókítà ní èyí tó ti lọ ti lọ, ti ọjọ́ náà nìkan ni kí n máa lò, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Ó ní kí n má sì ṣe fúnra mi dá a dúró mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn.

Lará ló ń tọ́jú oògùn náà báyìí. Ẹyọ kan ló ń gbé wá láràárọ̀, á sì dúró títí n óò fi gbé e mì. Ó máa ń bí mi nínú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, kó jẹ́ kí ojú wa tún ríra pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìbíkẹ́.

Mo tún rántí: òótọ́ ni mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ikú ni mo ń wá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láàárín ààwẹ̀, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti lo oògùn, ọjọ́ kan wà tí ikú wù mí. Lará ò mọ̀, dókítà ò mọ̀. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ sọ fún dókítà, mi ò sì lè dá lọ. Jọ̀wọ́, gba àyè, kí o wá mú mi lọ.