Àdúrà Ni Ọkọ Mi Gbà, Kì í Ṣe Ilé Ìtọ́jú Ló Yàn

Òkè Ilé Aránṣọ,
Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ilé-Ìwé Àtijọ́.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà,
Ilé Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ GBÉ ỌKỌ MI WÁ SÍ ILÉ ÌTỌ́JÚ ÀDÚGBÒ WA KÍ WỌ́N TÓ FI YÀRÁ RẸ̀ FÚN ẸLÒMÍÌN

Ẹnu ṣì ń yà mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá le níbì kan. Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ojú mi sì ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí wọ́n gbé ọkọ ènìyàn lọ nítorí pé ó gbàdúrà.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni ọkọ mi ṣe, Aláago ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Nígbà tó ṣubú nílé ìwẹ̀ tí eegun itan rẹ̀ kán, dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́, pé kí a wá ilé ìtọ́jú fún un. A wá a, a kò kàn na ìka sí ọ̀kan. Ní ilé àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ kan tìmùtìmù, ó tutù rinrin. Ní ìkejì, ìyá àgbà kan ń pe ènìyàn láti yàrá rẹ̀, a sì kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Ìkẹta ni èyí tó wà lẹ́yìn ilé olóògùn. Mo tọ́ ọbẹ̀ wọn wò, iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Ọkọ mi wo aago ara ògiri tó ti kú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ti wà fún òun níbẹ̀. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n mo lè rìn débẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dì mí lọ́wọ́ mú. Ìdí tí a fi yàn án nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan ló ni ín, nítorí náà "ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì" là ń pè é nílé wa. A kò pè é ní nǹkan mìíràn rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà ní ilé ìwòsàn ojú nígbà tí òṣìṣẹ́ yín dé láti bi ọkọ mi ní ilé ìtọ́jú tó fẹ́. Mo gbọ́ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni, n kò bá a jà. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ló jókòó ti ọkọ mi, òun ló sì sọ fún mi bó ṣe lọ. Òṣìṣẹ́ yín bi í pé: "Bàbá, ní ti ilé ìsinmi yín, ṣé èyí tó wà nítòsí lẹ fẹ́, àbí èyí tó jìnnà?"

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ilé ìsinmi kẹ̀! Nínú èdè tí a jọ ń sọ, tí wọ́n bá ní àgbàlagbà kan ti lọ sinmi, ṣé ẹnikẹ́ni tún ń béèrè ìgbà tí yóò dé? Ọkọ mi dáhùn bí ẹ̀yin náà yóò ṣe dáhùn: "Kó jìnnà. Kó jìnnà réré sí mi." Aránṣọ ṣe àmín sí i, àmín tó dún dé ìta. Òṣìṣẹ́ yín wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá yan èyí tó jìnnà, àti pé ẹbí fọwọ́ sí i.

Kí oòrùn tó rọ̀, ọkọ̀ yín ti dé. Wọ́n sọ fún un pé ibi tó yàn ni wọ́n ń gbé e lọ, ó sì rò pé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní kí aránṣọ bá òun gbé àpótí irinṣẹ́ òun, pé òun yóò ti tún aago yẹn ṣe kí n tó dé. Nígbà tí mo délé, mo rọra sáré lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó gbé ẹnikẹ́ni wá. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé.

Òdìkejì odò ni ọkọ mi wà báyìí, ibi tí n kò lè dá lọ pẹ̀lú ojú mi yìí. Wọ́n ní kì í jẹun tán. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní: "Agbẹ̀bí, kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi ní kí wọ́n gbé mi jìnnà sí ọ?" Mo ṣàlàyé títí, n kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín lánàá. Wọ́n dá mi lóhùn pé àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ló yàn, pé a kò gbọdọ̀ tẹ ìfẹ́ rẹ̀ lójú, àti pé ó di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún gbé e yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀, Nọ́ọ̀sì kò lè di yàrá náà mú kọjá ọjọ́ Ẹtì, nítorí ẹlòmíìn ti ń dúró dè é.

Ó dára tí ẹ ń bi àwọn àgbàlagbà fúnra wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ tún lọ bi ọkọ mi kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kí ẹ bi í bóyá ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì ló fẹ́, kí ẹ sì gbé e wá. Bákan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "ìsinmi" kúrò lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹ máa pe ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí àdúgbò ń pè é.

Èmi náà ti dàgbà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí òṣìṣẹ́ yín yóò jókòó síwájú mi, tí yóò bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo ti mọ ohun tó túmọ̀ sí, síbẹ̀ mo mọ ara mi: kó jìnnà ni n ó wí. Tí mo bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi ṣe àmín, kí ẹ sì fi mí sí yàrá tó kángun sí ti ọkọ mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí ọkọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà,

Ìyàwó Aláago,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì.